Oògùn Ṣúgà Tí Mo Kó Pamọ́ Sábẹ́ Máṣíìnì

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, tí ẹnì kan sì ti sáré wá sọ pé oògùn rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó. Èmi kì í ṣe dókítà. Télọ̀ ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, aṣọ obìnrin ni mo sì ti ń rán láti ìgbà omidan mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní fi iyọ̀ sí i, mi ò sì ní fo ibi tó dójú tì mí.

Ọmọ Oǹdó ni mí, ọkọ ló gbé mi wá sí Àkúrẹ́. Ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Sìsí Adétọ́lá. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, Oǹdó ló sì gbé títí tó fi kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ó ti kú, kí ẹ má baà máa retí pé yóò dìde nígbẹ̀yìn ìtàn yìí. Èmi alára ṣì máa ń retí rẹ̀ nígbà mìíràn.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo lè mu omi inú ọ̀rá mẹ́wàá kí oòrùn tó rọ̀, kí ọ̀fun mi ṣì gbẹ. Ìtọ̀ ló tẹ̀ lé e. Mi ò ní tíì rán apá bùbá kan tán tí n óò ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tún ń rù, mo sì rò pé ẹwà ló dé. Àwọn oníbàárà ń yìn mí, “Ìyá Dàmọ́lá, ẹ ti ń padà di sìsí!” Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dín aṣọ ara mi kù. Èmi tí mo mọ ìwọ̀n ìdí gbogbo obìnrin àdúgbò, mi ò bi ara mi léèrè ibi tí ẹran ara tèmi ń lọ. Ìgbà tí èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ síbi tí mo ti ń tọ̀ lẹ́yìnkùlé ni mo tó pe ẹ̀gbọ́n mi. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí.

“Ìtọ̀ rẹ ni èèrà ń lá yẹn. Ohun tó wà lára mi ló wà lára rẹ. Má jẹun láàárọ̀ ọ̀la, mò ń bọ̀.”

Lóòótọ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó ti wọkọ̀ láti Oǹdó. Òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí kílíníkì ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń mú ọmọ lọ síléèwé.

Ẹni tó bá ti lọ sí kílíníkì ṣúgà rí mọ bó ṣe ń rí. Ẹ ó dé kí agogo mẹ́fà tó lù, ẹ ó sì bá ogún èèyàn níwájú. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi nǹkan kan ẹnu nítorí tẹ́ẹ̀sì. Kálukú gbé fúláàsì oúnjẹ lé itan, à ń gbóòórùn mọ́ínmọ́ín ara wa, à ń gbé itọ́ mì. Nọ́ọ̀sì á ní ká kọrin, ká na apá. Ta ló fẹ́ kọrin lórí ebi? Sìsí mi ló gbé orin náà. Ó ti ṣe tíṣà pẹ́ jù, kò lè rí èèyàn lórí ìlà kó má darí wọn. Oògùn tó ń lò ni wọ́n kọ fún èmi náà, oògùn funfun kan tó tóbi débi pé èèyàn á kọ́kọ́ wò ó dáadáa kó tó gbé e mì.

Orí ìlà yẹn náà ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwa aláìsàn ní àṣà kan tí àwọn dókítà ò mọ̀. “Fífọ ẹ̀jẹ̀” là ń pè é. Bó bá ku ọjọ́ méjì ká lọ sí kílíníkì, a ó pa oúnjẹ tì, a ó fún ewúro, a ó máa mu ún bí omi, kí ẹ̀rọ lè sọ ohun tí dókítà fẹ́ gbọ́. Bí a bá ti kúrò níbẹ̀, ó di iyán. Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, ẹ̀rù kí dókítà má bá òun wí ló ń bà á! Sìsí ò gbà á rárá.

“Ta lò ń tàn jẹ? Dókítà á lọ sílé rẹ̀, á sùn. Ara tìẹ ni.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́. Ẹ mọ àwa télọ̀. Bí a bá sọ fún yín pé ó ku bọ́tìnnì, ó lè jẹ́ pé a ò tíì gé aṣọ náà.

Ọjọ́ Àìkú ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù. Bí a bá ti jáde nísìn, mo máa ń wọkọ̀ lọ bá a nílé rẹ̀ ní Òdòjọmù, ní Oǹdó. Yóò ti gúnyán. Bí ẹ bá mọ ọmọ Oǹdó, ẹ ó mọ̀ pé ẹni tó bá ní ká fi iyán sílẹ̀, ọ̀tá wa ló fi ara jọ. Sìsí á bu tèmi bí ẹ̀kún ọwọ́ kan, á bu tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, á wá fi ẹ̀fọ́ bo gbogbo àwo mọ́lẹ̀. “Jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó lè pẹ́ lẹ́nu.” A ó jókòó sí fàráńdà títí oòrùn á fi rọ̀, a ó máa sọ ti àwọn tí a jọ dàgbà, ta ló kọ́lé, ta ló fẹ́yàwó kejì, ta ni ò kí èèyàn mọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sín ènìyàn jẹ débi tí omi á fi bọ́ lójú mi. Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá má máa sáré wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́ nítorí aṣọ ẹlòmíràn.

Orí fàráńdà náà ló ti sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ń rí ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́. Ó ní bóyá làálàá ló pọ̀ jù. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá Bùsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tóun náà ń ṣe tíṣà ní Oǹdó. Mo ní, “Sìsí, ẹ lọ rí dókítà.” Ó ní òun á lọ. Ojú ń tì í láti tú aṣọ níwájú àwọn ọmọ tó lè jẹ́ pé òun ló kọ́ wọn níwèé. Mi ò béèrè mọ́, mo sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́ bó ṣe ní kí n pa á mọ́.

Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn náà, nígbà tí kò lè dìde mọ́, ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ. Dókítà tó rí i ò purọ́ fún wa, ó ní ó ti pẹ́. Oṣù mẹ́rin ló lò lórí ibùsùn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, mò ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó ní yìnyín ló ń wu òun lá. Mo jáde lọ ra yìnyín. Ó kú kí n tó dé.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo wa jókòó ní pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wà níbẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Ìyá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ torí pé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló ti ń ta iṣu. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan sì jáde, tó ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó ní oògùn ṣúgà ń fa jẹjẹrẹ. Ó ní wọ́n ti mọ̀ lókè òkun, àwa ni wọ́n wá ń dà á fún. Ó wá dárúkọ oògùn náà. Oògùn wa ni, oògùn funfun tèmi àti ti Sìsí.

Bùsọ́lá ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. “Òun ló pa màmá mi! Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ń lò ó!” Gbogbo ojú wá yí sí mi, torí gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà nínú báàgì mi.

Ìyá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ di ọwọ́ mi mú. “Ùyàwó, o gbọ́? Ulé ùwòsàn ni wọ́n ti ń ta ukú o. Má fi ọwọ́ ara rẹ gbé e mì mọ́. Mo máa se nǹkan fún ọ.”

Ọkọ mi, èèyàn jẹ́jẹ́, kò pa á láṣẹ fún mi. Lọ́nà ilé ló kàn sọ pé, “Ìwọ lo mọ̀. Àmọ́ mi ò fẹ́ sin ìwọ náà.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá mi wọlé. Láti ọjọ́ náà, hóró kan ò kọjá ọ̀fun mi mọ́.

Àgbo dé láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, ó korò, ó sì ń hó. Mi ò mọ orúkọ igi kan nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ni Ìyá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fi sè é, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u níwájú mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ sí kílíníkì, torí mi ò fẹ́ ẹjọ́. Mò ń ra oògùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, mo sì ń kó o sábẹ́ máṣíìnì, nínú páálí tí mò ń kó òwú sí. Bó bá ti ku ọjọ́ méjì, mo fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà á wo káàdì, inú rẹ̀ á dùn.

“Màmá, ẹ ń gbìyànjú. Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀.”

“Mò ń lò ó, dókítà.”

Bí irọ́ bá jẹ́ aṣọ ni, mi ò rán èyí tó bá ara mu tó ìyẹn rí.

Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́. Àárò ẹ̀gbọ́n mi ń pa mí. Tó bá jẹ́ oògùn yẹn ló pa á, a jẹ́ pé mo ti rí ẹni tí mo lè bínú sí nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ju páálí oògùn sáàárín òwú, ó ń ṣe mí bíi pé mo gbẹ̀san rẹ̀ díẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà láti bá mi purọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń kú díẹ̀díẹ̀, ó ń dà bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí mi ò wọ nǹkan kan. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń lò, ẹsẹ̀ ọ̀tún lásán, láìsí bàtà, ni mo sì fi máa ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan wá wọn aṣọ ìdúpẹ́ rẹ̀ wò. Ó ń wo ilẹ̀, kò wo dígí. “Màmá, kí ló pupa lára máṣíìnì yín yìí?” Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ti gbẹ mọ́ ibi tí mò ń tẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo rí abẹ́rẹ́ máṣíìnì tó ṣẹ́, ó ti wọ abẹ́ àwọn ọmọ ìka mi, orí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Mi ò mọ ọjọ́ tó wọlé. Oníbàárà yẹn ló pariwo, kì í ṣe èmi.

Mo fa abẹ́rẹ́ yọ, mo fi omi iyọ̀ fọ ojú ibẹ̀, mo dì í. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń da lọ́fíńdà sí aṣọ tí mo fi dì í, kí ọkọ mi má baà gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí òtútù ń mú mi lọ́sàn-án gangan tí mo sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé, òun ló gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà ò lè ka tèmi. Nọ́ọ̀sì ní ó ti kọjá ibi tó lè kà á dé. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àwọn gé e láti ọrùn ẹsẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ojú mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ọlọ́run á bù kún un, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mò ń retí. Sìsí mi ni mò ń fẹ́. Mo fẹ́ kó wọlé pẹ̀lú fúláàsì rẹ̀, kó bú mi, kó ní, “Ṣé mi ò sọ fún ọ?” Èèyàn lè pàdánù ẹni tó ń kẹ́ ẹ kó ṣì rí ẹlòmíràn. Ẹni tó lè bá mi wí kí inú mi má bàjẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní.

Dókítà tó ń rí mi ní kílíníkì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ kékeré ni, ó lè má tíì pé ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta. Ó mú káàdì mi dání. “Màmá, ṣúgà yín dára lórí káàdì yìí lóṣù tó kọjá. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo gbé e mì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ewúro, ààwẹ̀ ọjọ́ méjì, páálí òwú. Ó ní kí ló dé. Mo ní, “Oògùn yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi.” Mo sọ ohun tí ọkùnrin inú fóònù sọ.

Mo rò pé yóò bínú. Ó fa àga, ó jókòó. “Màmá, oògùn ṣúgà pọ̀. Òmíràn wà tí a kì í fún ẹni tó bá ti ní irú jẹjẹrẹ kan rí, torí pé iyèméjì wà nípa rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n rí àbùkù nínú èyí tí wọ́n ṣe níbì kan, wọ́n sì kó ìyẹn kúrò lọ́jà. Ó lè jẹ́ ohun tí ọkùnrin yẹn gbọ́ nìyẹn, tó fi wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì ń lò, a ò tíì rí ẹ̀rí pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣúgà fúnra rẹ̀ àti ara sísanra jù la mọ̀ pé ó máa ń bá jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ rìn.” Ó gbé káàdì sílẹ̀. “Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ń rí ẹ̀jẹ̀ kó tó kú?”

“Ó ń rí i.”

“Ó tó ìgbà wo kí wọ́n tó wá sílé ìwòsàn?”

Mo mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan láyé yìí ni mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Ó lé lọ́dún kan.”

Kò dá mi lẹ́bi. Ó ní, “Mi ò lè sọ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n yín, mi ò tọ́jú wọn. Ohun tó fẹ́ pa ẹ̀yin ni mo rí.” Ó dìde lọ.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe sunkún níbi ìsìnkú lọ. Ó rọrùn fún mi láti di ẹ̀bi ru oògùn, torí oògùn kò lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi bo ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, mo bá a bò ó. Èmi náà wá ń bo tèmi. Ọ̀nà kan náà ni àwa ọmọ ìyá méjèèjì gbà, òun kàn ṣáájú ni.

Ọlọ́run ṣàánú mi, ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé, wọn ò gé ẹsẹ̀. A ta máṣíìnì kejì tí mo fi ń rán etí aṣọ kó má baà tú láti fi gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo lè rìn, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo sì sọ fún Bùsọ́lá pé mo mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń rí, pé mi ò sọ. Ó wò mí títí. Ó ní, “Màmá Àkúrẹ́, ẹ mọ̀?” Ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Oṣù márùn-ún ni kò fi gbé fóònù mi, mi ò sì lẹ́jọ́ láti bá a rò.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni mo ní, ẹsẹ̀ òsì ni mo sì fi ń tẹ máṣíìnì, mò ń wọ bàtà tó bo ìka, mo sì ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò láràárọ̀. Mò ń lo oògùn funfun yẹn, mo tún ń gba abẹ́rẹ́. Mi ò fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Bí ṣúgà mi bá ga, ó ga, kí dókítà bá mi wí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí láwọn àárọ̀ kan tí mo bá mú hóró náà sọ́wọ́, irọ́ ni n óò pa bí mo bá ní kò bà mí. Bí irú ohùn inú fóònù yẹn bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gbé fóònù náà lọ bá dókítà, kí ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, kí ẹ béèrè nípa oògùn tiyín gan-an. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí ẹ bá sì ti dá a dúró, ẹ sọ. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti wá, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú sin yín.

Àárò Sìsí kò tíì lọ. Ọjọ́ Àìkú ṣì máa ń gùn fún mi, mo sì máa ń bá ara mi tí mo wọ aṣọ ìrìn-àjò láìní ibi tí mò ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún lẹ́yìn ìsìn. Bùsọ́lá ni. Kò tíì kí mi tán tí ohùn rẹ̀ fi yí padà.

“Màmá Àkúrẹ́, wọ́n ní èmi náà ní ṣúgà. Oògùn tí wọ́n kọ fún mi, ti màmá mi yẹn náà ni. Mo ti gbé e sórí tábìlì láti ìjẹta. Mi ò lè fọwọ́ kàn án.”

Mo tú gèlè mi.

“Ṣé ẹ lè fi Ọlọ́run búra fún mi pé kò ní ṣe mí ní nǹkan kan?”

Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti búra, kí ọkàn ọmọ náà lè balẹ̀. Mo ní, “Mi ò lè búra, Bùsọ́lá. Mo ti purọ́ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo lo tèmi láàárọ̀ yìí, mo sì mọ ohun tójú mi rí nígbà tí mi ò lò ó. Lọ bi dókítà rẹ ní gbogbo ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Ohunkóhun tóo bá rí lára rẹ, pariwo rẹ̀. Mi ò ní bá ọ bo nǹkan kan mọ́ láyé mi.”

Mo gbọ́ tó fa àga sẹ́yìn.

“Ẹ dúró,” ó ní, “kí n bu omi.”

Mo dúró.